Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Lórí Ààrò Dígí

Ẹni tí kò se omi gbóná rí láyé rẹ̀, tí wọ́n wá fi jẹ ọ̀gá lórí gbogbo ààrò ìlú, ẹ má bá a jiyàn o. Ẹ fa àga yín súnmọ́ ògiri, kí ẹ jókòó, kí ẹ máa wò ó. Ẹ̀rín ń bọ̀.

Ọkùnrin tí mo ń wí yìí ni Ọ̀gá Àgbà Iléeṣẹ́ Ètò Ìdáná Inú Ilé. Ó lórúkọ, ṣùgbọ́n ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnikẹ́ni ti fi pè é kẹ́yìn, nítorí oyè rẹ̀ gùn débi pé ó máa ń rẹ ènìyàn kó tó kan orúkọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀: Ọ̀gá Àgbà, Olùdarí Iná, Olùtọ́jú Ìkòkò, Baba Gbogbo Ilé Ìdáná. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fi kún un. Nílé tirẹ̀, kò mọ ibi tí ìyàwó rẹ̀ ń kó ṣíbí sí.

Àṣà kan wà ní iléeṣẹ́ náà tí ẹ kò ní rí níbòmíràn. Bí Ọ̀gá Àgbà bá sọ gbólóhùn kan tó dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀, á dánu dúró, á di ojú. Akọ̀wé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wí pé, "Ó rí bẹ́ẹ̀, sà." Gbogbo òṣìṣẹ́ á gbè é, á di ẹ̀ẹ̀mẹta. Àfi ìgbà tí ẹ̀kẹta bá pé ni Ọ̀gá tó lajú. Bí ife tíì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lágbedeméjì ẹnu, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Lọ́jọ́ tí òsúkè mú Akọ̀wé, ìpàdé wákàtí kan di wákàtí mẹ́ta.

Akọ̀wé yìí ni kí ẹ fọkàn bá lọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mọ ọ̀rọ̀ tò, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídùn ló ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì òun. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá ń sọ, òun ló ń kọ ọ́. Òun ló kọ "Baba tó bí iná". Òun ló kọ "Ẹni tí èéfín ń sá fún". Ó ti fi ọ̀rọ̀ tan ara rẹ̀ pé àpọ́nlé kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹnu Akọ̀wé sì ti ro ẹ̀fọ́ tó lè bọ́ odindi ìlú.

Lọ́dún náà ni ìjọba ra ààrò ìgbàlódé ẹgbẹ̀rún kan láti pín fún ilé ẹgbẹ̀rún kan. Ààrò ọ̀hún kò ní iná tí ojú ń rí. Dígí dúdú ló wà lókè rẹ̀, ó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó, àwọn bọ́tìnnì sì tò síwájú rẹ̀. Àwọn aráàlú ń pè é ní ààrò dígí. Iléeṣẹ́ Ọ̀gá Àgbà ló máa pín in, òun náà ló sì máa tẹ Ìwé Ìtọ́sọ́nà tí yóò kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe máa lò ó.

Lọ́jọ́ tí ààrò àkọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé e sórí tábìlì òun, kí wọ́n tàn án. Kò sí ìkòkò kankan lórí rẹ̀. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé dígí náà bí ẹni tó fẹ́ súre fún un. Ààrò dún pí, pí, pí, ó sì pa ara rẹ̀. Dígí tutù. Ọ̀gá wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ààrò, ó wá wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Iná ti dá mi mọ̀," ló wí, ó sì di ojú.

"Ó rí bẹ́ẹ̀, sà," ni Akọ̀wé wí. Wọ́n gbè é, ó pé ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìyá Alásè wọlé pẹ̀lú tíì lásìkò yẹn. Ìyá yìí ti ń dáná ní yàrá ìjẹun iléeṣẹ́ náà láti ọdún mọ́kànlélógún. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ti mọ irú ààrò bẹ́ẹ̀ lò. Ó gbé tíì kalẹ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tó mọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé ó dá yín mọ̀, kò rí ìkòkò ni. Ìkòkò ló máa ń gbóná, ìkòkò ló sì ń ta ooru sí dígí. Tí ẹ bá gbé ìkòkò kúrò, dígí á ṣì gbóná, bí àga ṣe máa ń gbóná lẹ́yìn ẹni tó ti jókòó pẹ́."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ korò. Ọ̀gá béèrè ìwé ẹ̀rí tó ní nípa ìmọ̀ iná. Ìyá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó fi àpá iná ogójì ọdún hàn án. Ọ̀gá ní òun kò rí òǹtẹ̀ kankan lára wọn. Ó pàṣẹ kó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, kó sì kà á sétí gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá kọ ọ́. Ìlà kan péré ni: "Mo tọrọ àforíjì pé mo mọ̀ ọ́n." Ọ̀gá gbọ́ "àforíjì", kò gbọ́ ìyókù, ó sì dárí jì í.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Akọ̀wé jókòó sí pálọ̀ ilé rẹ̀, tó kọ gbólóhùn tó máa wà lójú ewé kìíní Ìwé Ìtọ́sọ́nà: "Ààrò tí kì í jóni, ààrò tí ọmọdé lè fọwọ́ lé nígbàkúgbà." Ó gbọ́ ohun tí Ìyá Alásè sọ, ó mọ̀ pé ìyá kì í parọ́. Àmọ́ gbólóhùn náà dùn lẹ́nu. Ó dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀, ó ń tún un sọ. Kò wo abẹ́ tábìlì, níbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Màmá Kékeré, ti ń fi páálí kọ́ ilé, tí ẹnu rẹ̀ sì ń mì bó ṣe ń gbọ́ ti bàbá rẹ̀.

Ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná, ká sọ̀rọ̀ ìkòkò.

Ọ̀gá Àgbà ní kò bójú mu kí ìjọba fún ènìyàn ní ààrò láìfún un ní ìkòkò, kò sì bójú mu kí ènìyàn máa se oúnjẹ láìmọ ẹni tó ń jẹ́ kó jinná. Nítorí náà, ó ní kí wọ́n ṣe ẹgbẹ̀rún ìkòkò, kí wọ́n sì ya ojú òun sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, torí pé ó ń dán, Ọ̀gá sì fẹ́ràn ohun tó ń dán. Wọ́n gbé àkọ́kọ́ ka orí ààrò. Ààrò dún pí, pí, pí, ó sì pa ara rẹ̀. Wọ́n gbé èkejì ka orí rẹ̀, ohun kan náà ni.

Ìyá Alásè wà nítòsí. Ó ti kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, kò fẹ́ kọ èkejì. Ó kàn yọ òòfà kan lára kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ń lẹ ìkéde mọ́, ó fi kan ìdí ìkòkò náà níṣojú Akọ̀wé. Òòfà já bọ́. Ó fi kan ìdí ìkòkò irin àtijọ́ tó fi ń se ẹyin. Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Ó wo Akọ̀wé lójú. Ohun tí òòfà kò bá gbà nídìí, ààrò dígí kò ní dá a lóhùn. Ẹ̀kọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màmá Kékeré pàápàá lè mọ̀ ọ́n.

Àmọ́ ta ló máa lọ sọ fún Ọ̀gá pé òòfà kọ ojú rẹ̀? Akọ̀wé lọ, ó ní ààrò ń bẹ̀rù láti gbé ojú ọlọ́lá. Ọ̀gá ní ìbẹ̀rù kọ́, àfojúdi ni. Ó pe ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje. Ìgbìmọ̀ jókòó ọjọ́ mẹ́ta, ó jẹ bisikíìtì, ó sì fẹnu kò pé kí wọ́n fún ààrò náà ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ. Ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn. Wọ́n tẹ ìwé náà, wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ààrò, wọ́n sì fún un ní wákàtí méjìdínláàádọ́ta láti fèsì. Ààrò kò fèsì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gba ẹ̀bi.

Níkẹyìn, Akọ̀wé dá ọgbọ́n kan. Ó ní ẹni ńlá kò yẹ lára alumíníọ̀mù tó fúyẹ́; irin tó wúwo ló yẹ ẹ́. Èyí dùn mọ́ Ọ̀gá nínú. Wọ́n kó ẹgbẹ̀rún ìkòkò alumíníọ̀mù sí yàrá ẹrù, wọ́n sì rọ ìkòkò irin tuntun kan fún àfihàn, pẹ̀lú ojú Ọ̀gá tó yọ gbọ̀n-ọ̀n nídìí rẹ̀. Èyí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò jókòó dáadáa. Ó ń mì gọ̀lọ̀gọ̀lọ̀, nítorí imú Ọ̀gá ga ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Ìyá Alásè ní ìdí ìkòkò yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ kó lè fara kan dígí. Ọ̀gá béèrè ohun tí ìyá fẹ́ kí òun ṣe sí imú òun. Lẹ́yìn ìpàdé mẹ́ta, ó gbà kí alágbẹ̀dẹ fá díẹ̀ kúrò lára imú ìkòkò, kìkì pé kí wọ́n má kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún àfihàn. Alága ìgbìmọ̀ ìjọba máa wà níbẹ̀, lọ́jọ́ náà sì ni wọ́n máa kéde Ọ̀gá Àgbà gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Pátápátá lórí iléeṣẹ́ mẹ́fà. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀ tán, á fọwọ́ sí Ìwé Ìtọ́sọ́nà, ìwé á lọ sí ilé ìtẹ̀wé, á sì wọ ẹgbẹ̀rún ilé pẹ̀lú gbólóhùn Akọ̀wé lójú ewé kìíní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó Akọ̀wé ń se ẹyin lórí ààrò dígí tiwọn. Òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún. Ẹyin jinná, ó gbé ìkòkò kúrò, ó yíjú láti da omi rẹ̀ nù. Akọ̀wé jókòó sídìí tábìlì, ó ń ka ìwé ìròyìn. Màmá Kékeré gun àpótí. Ó fi ohùn bàbá rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìgbéga àti ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀, wí pé, "Ààrò tí kì í jóni, ààrò tí ọmọdé lè fọwọ́ lé nígbàkúgbà." Ó sì fi ọwọ́ lé e.

Igbe tó tẹ̀lé e, n kò ní sọ ọ́ níhìn-ín. Àwọn tó bímọ mọ̀ ọ́n.

Ìyàwó rẹ̀ ti ọwọ́ ọmọ náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ, kò gbé e kúrò fún ogún ìṣẹ́jú. Ìka méjì ló wú. Ọpẹ́ ni pé ọmọ náà tètè fa ọwọ́ yọ. Nígbà tí wọ́n fi báńdéèjì wé e tán, tí ẹkún lọ sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ jókòó sí iwájú rẹ̀.

"Bàbá ọmọ mi, ta ló kọ́ ọmọ yìí lọ́rọ̀ yẹn?"

Akọ̀wé ká ìwé ìròyìn rẹ̀ pọ̀. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ ó fọ́, kò ṣe é kó jọ mọ́.

"Ilé mélòó ló kù tó máa kà á?"

"Ẹgbẹ̀rún kan," ni Akọ̀wé wí, ojú sì tì í débi pé kò lè wo ìka ọmọ rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé tọ Ọ̀gá lọ láti bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yọ gbólóhùn náà. Ó ti ṣe àdúrà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ kan. Bó ṣe la ẹnu, àpọ́nlé ló kọ́kọ́ jáde, àpọ́nlé kejì tẹ̀lé e, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òótọ́ tó rí ibi gbà. Ọ̀gá fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó béèrè bóyá ọmọ náà ti ka Ìwé Ìtọ́sọ́nà tán kó tó fọwọ́ kan ààrò. Akọ̀wé ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni, kò tíì mọ̀wé kà. Ọ̀gá mirí pẹ̀lú àánú. Ó ní aláìmọ̀wé ni wàhálà orílẹ̀-èdè, kì í ṣe ààrò. Ó wá fi kún un pé lọ́jọ́ Ẹtì, òun á gbé ọwọ́ lé dígí níwájú Alága bí òun ti sọ gbólóhùn náà, Akọ̀wé ni yóò sì darí ègbè. Ẹni tí kò bá gbè dáadáa, kó lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Akọ̀wé jáde. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, owó ilé ń bọ̀. Ọjọ́ méjì ló fi ń jẹun tí oúnjẹ kò dùn.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gbọ̀ngàn kún. Alága wọlé, obìnrin àgbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n sì fún un ní àga níwájú tábìlì onígi pupa kan tí wọ́n ti fi pọ́líìṣì kùn títí ó fi ń dán. Ààrò dígí wà lórí tábìlì kejì. Ìyá Alásè bu omi ife méjì sínú ìkòkò irin, ó gbé e kaná. Ọ̀gá ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì dé òpin, kí omi àti ọ̀rọ̀ òun lè jọ hó. Ó tún pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mira títí òun á fi parí.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n kọ sínú ètò fún ọ̀rọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi òkúta ṣá iná. Ó sọ bí èéfín ṣe fìyà jẹ ìran ènìyàn títí wọ́n fi bí òun. Ó dé orí ìgbà èwe rẹ̀, bó ṣe wo àbẹ́là kan lójú tí àbẹ́là náà kú. "Ó rí bẹ́ẹ̀, sà" ń lọ, ó ń bọ̀. Omi hó. Omi ń gbẹ. Ìyá Alásè nawọ́ sókè láti sọ pé kí wọ́n dín in kù. Ọ̀gá rò pé ó ń kí òun, ó mi orí sí i. Ó tún nawọ́. Ọ̀gá ní kí gbogbo gbọ̀ngàn wo bí àwọn aláìmọ̀wé pàápàá ṣe ń yọ̀. Omi gbẹ tán pátápátá. Ìkòkò òfìfo ń gbóná lórí agbára tó ga jù, títí ààrò tó gbọ́n ju ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀ lọ fi dún pí, pí, pí, tó sì pa ara rẹ̀. Àmì pupa kan tàn lójú rẹ̀, èyí tó ń sọ pé dígí ṣì gbóná.

"Ẹ wò ó," ni Ọ̀gá wí, "ó ń kí mi."

Ó gba aṣọ ìdìmú nípọnnípọn lọ́wọ́ Ìyá Alásè. Ìyá ní kó gbé ìkòkò náà sórí òkúta pẹlẹbẹ tí òun ti tẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ní ojú òun kì í sùn lórí òkúta. Ó gbé e gan-an sórí tábìlì onígi pupa, níwájú Alága, ó ní, "Mà, ojú mi rèé níwájú yín." Ó padà sídìí ààrò. Kò rí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Alága rí i.

Ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè dígí. Ó gbé ohùn sókè: "Ààrò tí kì í jóni, ààrò tí ọmọdé lè fọwọ́ lé nígbàkúgbà." Ó sì di ojú.

Gbogbo ènìyàn yíjú sí Akọ̀wé. Ẹnu rẹ̀ ti là, àṣà ọdún mẹ́sàn-án ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí ìka méjì tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ó rí ẹgbẹ̀rún àpótí, àti ẹgbẹ̀rún ọmọ tó ń gun orí wọn.

"Kò rí bẹ́ẹ̀, sà," ló wí. "Ó gbóná. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

 Ọ̀gá la ojú kan.

"Kí lo wí?"

"Mo ní á jó yín, sà. Ó ti jó ọmọ mi. Èmi ni mo kọ irọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́rìí pé wọ́n kìlọ̀ fún un. Ẹlòmíràn á wo àmì pupa. Ẹlòmíràn á fi ìka dán ooru rẹ̀ wò lókèèrè. Ọ̀gá Àgbà, Olùdarí Iná, ti sọ ọ̀rọ̀ níwájú Alága, iná kò sì ní sọ ọ́ di òpùrọ́. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó sì gbá àtẹ́lẹwọ́ mọ́ dígí náà pàà.

Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé kọ. Kò ní oyè nínú, kò ní ìgbéga àti ìsọ̀kalẹ̀. Ó fò sókè, ó yí po, ó dì mọ́ aṣọ fèrèsé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje sún sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n fi bọ́tà pa ọwọ́ rẹ̀, òmíràn ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìpàdé. Ọwọ́ epo ni aráyé ń bá ni lá. Ìyá Alásè nìkan ló rìn lọ bá a, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi ní igun gbọ̀ngàn, ó ṣí i lé ọwọ́ náà lórí.

"Kò gba bọ́tà, ẹ dúró síbẹ̀," ló wí. "Ogún ìṣẹ́jú."

Ogún ìṣẹ́jú ni Ọ̀gá fi dúró, tó kọ ẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn, láìsọ gbólóhùn kan. Ọ̀rọ̀ tó dára jù lọ tó sọ lọ́dún náà nìyẹn.

Alága fi aṣọ gbé ìkòkò kúrò lórí tábìlì rẹ̀. Ojú Ọ̀gá Àgbà ti jó wọ inú igi náà, ó dúdú kirikiri, ẹ̀rẹ̀kẹ́, etí, gbogbo rẹ̀. Imú ló jìn jù. Alága wò ó títí. Ó fa Ìwé Ìtọ́sọ́nà sọ́dọ̀, ó ka ewé kìíní, ó sì béèrè ẹni tó ní kí Akọ̀wé kọ ọ́.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n kọ ọ́, Mà. Ó dùn lẹ́nu mi ni."

Alága fa ewé náà ya. Ó ní Akọ̀wé á tún un kọ, Ìyá Alásè ni yóò sì máa pe ọ̀rọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kó tó mú gègé, oṣù kan gbáko ni yóò fi dáná fún gbogbo òṣìṣẹ́ lórí ààrò dígí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni, kó kọ́kọ́ jẹ ẹyin tí òun fúnra rẹ̀ sè. Ní ti ìkéde Ọ̀gá Pátápátá, ó ká ìwé rẹ̀, ó fi sínú báàgì, wọn kò sì rí i mọ́.

Òfin kan wà tí Ọ̀gá ti ṣe fúnra rẹ̀, pé ìwé kankan kò gbọ́dọ̀ jáde níléeṣẹ́ àfi èyí tí òun bá fi ọwọ́ ọ̀tún òun bu ọwọ́ lù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọwọ́ ọ̀tún náà fi wà nínú báńdéèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìwé kankan kò jáde. Kò sí aráàlú kan tó mọ̀. Nígbà tí ìjọba rí èyí, wọ́n gbé e lọ sí yàrá ẹrù kó lọ máa ṣọ́ ẹgbẹ̀rún ìkòkò alumíníọ̀mù. Ìdí wọn kọjú sókè, ojú ara rẹ̀ sì ń wò ó láàárọ̀ lálẹ́.

Akọ̀wé jó ẹyin méjìlá, ó jó ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná èsìsì kì í sì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé tuntun jáde, ó fẹ́ẹ́rẹ́, kò ní àwòrán ẹnikẹ́ni. Ó ní dígí máa ń jóni lẹ́yìn tí ẹ bá gbé ìkòkò kúrò. Ẹ wo àmì pupa, ẹ lé ọmọdé jìnnà. Ó ní ẹ fi òòfà dán ìdí ìkòkò wò kí ẹ tó ná owó. Ó ní ẹ má gbé ìkòkò òfìfo kaná, ẹ má fi ṣíbí onírin sílẹ̀ lórí ààrò, ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó nù ún, ẹ má sì dí ihò tó fi ń mí. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń mú ọkàn lù déédéé sí lára, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó dúró tì í. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó dùn lẹ́nu. Màmá Kékeré ti há gbogbo rẹ̀ sórí.

Ní ti tábìlì onígi pupa, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́, wọ́n sì gbé e lọ sí yàrá ìjẹun. Ibẹ̀ ni Ìyá Alásè ń gbé tíì àwọn òṣìṣẹ́ kà. Ojú yẹn gba ife márùn-ún láìfẹ̀gbẹ́ kan ara wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹni tó ti jẹ́ Ọ̀gá Àgbà rí wọ yàrá ìjẹun náà láti wá mu tíì. Akọ̀wé wà nídìí ààrò, ó ń bó ẹyin. Kò sẹ́ni tó dìde. Ọkùnrin náà jókòó sídìí tábìlì, ó rí ojú ara rẹ̀, ó rí ife kan lórí imú rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún tí àpá pupa wà nínú rẹ̀ sí ife náà. Ọwọ́ dúró lágbedeméjì.

"Ìyá," ló wí wẹ́lẹ́, "ṣé ó gbóná?"

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó béèrè láti mọ nǹkan nìyẹn.

"Ó gbóná," ni Ìyá Alásè wí. "Ẹ ní sùúrù."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sórí itan rẹ̀, ó sì dúró kó tutù.